Ijó Òkìtì Ẹ̀gẹ́ Méjì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé pamọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ní mò ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́, ijó ni wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ijó! Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Kamọ́rù, mo kí Ṣìfáwù ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà ní Ìgànná.

Ibí tutù. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú láti àárọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi tèmi.

Olùkọ́ wa ní kí èmi àti Èfúà, ọmọ Gánà kan tó kéré sí àbíkẹ́yìn mi, jọ ṣẹ̀dá ijó kan lórí ìdíje. Ijó náà ló máa sọ bóyá wọ́n á gbà wá sí ọdún kejì. Mo ní kí á fi ẹ̀gẹ́ bíbẹ ṣe é. Kò sí ẹ̀gẹ́, kò sí ọ̀bẹ; bẹ́ǹṣì méjì ni, àti ọwọ́ tó ń sáré, bíi pé òkìtì ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níwájú wa, tí a sì ń wo ẹni tó máa kọ́kọ́ bẹ tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí. Kí n tó dìde, Èfúà ti jó dé òdìkejì. Ó bi mí pé ṣé mò ń dúró kí ẹ̀gẹ́ hù ni. Mo ní kó rọra. Ó ní ṣé ìdíje ni àbí àánú. Tó bá parí, á na ọwọ́ sókè, olùkọ́ á ní, kí ló wá kàn? Ijó ò rí ibi parí sí.

Ìgbà yẹn ni mo rántí yín. Èmi ni ọwọ́ mi yá jù nígbà tí mo wà lọ́mọge. Tí mo bá bẹ tèmi tán, màá fọwọ́, màá máa yan kiri. Ẹ̀yin á ní kí n mú ọ̀bẹ mi padà, pé ẹ̀gẹ́ ò tíì tán nílẹ̀, kí n lọ bá Ṣìfáwù, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yá, bẹ tirẹ̀. Inú máa ń bí mi. Ṣìfáwù ní tirẹ̀ á sún lórí bẹ́ǹṣì, á ní, Kábíyèsí ọlọ́bẹ, ẹ wá jókòó.

Mo sọ ọ́ fún Èfúà. Ó ní tí òun bá ti parí tòun, òun á máa padà wá sídìí òkìtì tèmi láti bá mi bẹ ẹ́. Ijó rí ibi parí sí. Ìyá mi, èmi ni kò gbà. Mò ń fi orúnkún yìí sáré kí ó má baà rí nǹkan kan bá mi ṣe, títí mo fi ṣubú lánàá. Mi ò mọ̀ pé sísún tí Ṣìfáwù máa ń sún fún mi nira tó báyìí.

Ẹ bá mi kí i dáadáa. Ẹ fi àdúà tì mí lẹ́yìn. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí a fojú rí ara wa láìpẹ́, àmín.

Ọ̀la ni wọ́n máa wò wá. Bóyá wọ́n á gbà wá, mi ò lè sọ. Ṣùgbọ́n tí Èfúà bá parí tirẹ̀ tó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, màá sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sàlámátù