Gìtá Búlúù Tí Mo Yàn fún Ọkọ Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Mo ti di ìyàwó ilé! Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ bí wọ́n bá pè mí ní "ìyàwó" lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni. Yàrá kan àti pálọ̀. Fèrèsé méjì. Bẹ́ẹ̀dì tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ — a ti ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ayọ̀ mi kún, ó ṣàn sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ nù ún.

Lónìí ni ẹgbẹ́ olórin ọkọ mi mú ẹ̀bùn ìgbéyàwó wá. Wọn ò gbé nǹkan kan dání o, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ọ̀gá Béèsì — ọ̀rẹ́ ọkọ mi láti iléèwé, òun ló ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀ — ló sọ ọ́. Wọ́n ti bá Agbẹ́gìtá sọ̀rọ̀ pé kó gbẹ́ gìtá oníná tuntun fún ọkọ mi. Kì í ṣe ti inú páálí. Èyí tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ máa yan igi rẹ̀, ọrùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹ̀.

Ẹni bá mọ ọkọ mi á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Alárìíwísí ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́. Gìtá yìí wúwo, tọ̀hún fúyẹ́ jù, ọrùn eléyìí sanra, irin tọ̀hún ń gé òun lọ́wọ́. Ó ti dá gìtá padà sí ṣọ́ọ̀bù rí nítorí pé bọ́tìnì ohùn rẹ̀ "ò bá òun sọ̀rọ̀". Òun yìí kan náà ló yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Ìwọ ni kó o yàn án. Gbogbo ẹ̀. Ohun tó bá ti wù ẹ́."

Ariwo sọ! Ọ̀gá Béèsì káwọ́ lérí: "Ó tán! Wọ́n ti fún un jẹ!"

Bí mo bá fún un jẹ, kó máa jẹ ẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ṣọ́ọ̀bù Agbẹ́gìtá wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Eruku igi wà lórí ohun gbogbo, títí kan irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn ara gìtá tí kò tíì lọ́rùn so rọ̀ sára ògiri bí ẹran lọ́dọ̀ alápatà.

Ó to pákó sílẹ̀ fún mi. Ọ̀gánwó — ó pupa, ó wúwo, ó ní ohùn rẹ̀ nípọn. Afárá — ó fúyẹ́, ó mọ́, ìlà dúdú kan sáré gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní kí n fi ìka kàn wọ́n, kí n gbọ́. Mo kàn wọ́n. Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, àmọ́ mo mi orí bí ẹni tó mọ̀. Afárá ni mo mú, nítorí ìlà dúdú yẹn. Ìrísí ńkọ́? Mo mú èyí tó ní ìwo méjì. Wọ́n gbẹ́ abẹ́ ìwo ìsàlẹ̀ wọlé jìnnà, kí ọwọ́ òsì lè dé ibi tí ohùn ti ga jù lórí ọrùn.

Agbẹ́gìtá wo ọkọ mi, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi ní ohun tí ìyàwó bá wí. Agbẹ́gìtá ní, "Ìwọ? Ìwọ tó o ti torí ohun tí kò tó èékánná dá iṣẹ́ padà fún mi?" Ọkọ mi ní òun ti gbéyàwó báyìí. Agbẹ́gìtá ò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Búlúù! Mo rò pé yóò jiyàn — ó kórìíra gìtá aláwọ̀ títàn, ó ní ó máa ń rí bíi kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó ní, "Búlúù dáa." Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run tó fi fún mi ní ẹni yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ó ku ọrùn. Agbẹ́gìtá ní bí ọrùn ò bá dáa, ara lásán ni gìtá. Ọ̀nà tirẹ̀ nìyí: ó ní oríṣiríṣi ọrùn tó gbẹ́ fún àyẹ̀wò, ó tò wọ́n sínú àpótí — èyí tó sanra róbótó bí ọrùn ìgò, èyí tó tín-ín-rín tó sì tẹ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ṣónṣó díẹ̀. Olórin á dijú, á máa gbá wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ wò. Ọwọ́ ni yóò yàn. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ́ ọwọ́ òsì sórí bébà, tí Agbẹ́gìtá á fi pẹ́ńsùlù yí i ká. Bébà ọwọ́ kún ara ògiri kan lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé èrò ń juwọ́ síni.

Alárìíwísí mi ti ọwọ́ bọ àpò. Ó ní òun ní ẹnì kan tí òun fẹ́ rí, kí n bá òun yàn án. Ó fẹnu kò mí lórí — níwájú Agbẹ́gìtá! — ó jáde.

Mo bá dijú. Èyí tó sanra ni mo mú. Ó kún ọwọ́, bí ìgbà téèyàn di apá olólùfẹ́ rẹ̀ mú. Agbẹ́gìtá gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú àpótí. Ó ní, "Ìyàwó, a kì í báni yan ọrùn. Bàtà ni. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ wá." Ó ní òun á máa bá ara lọ, àmọ́ òun ò ní fọwọ́ kan igi ọrùn títí ọkọ mi fi máa mú ọwọ́ wá.

Àgbàlagbà ń jowú ìfẹ́ wa. Inú mi ni mo ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Bọ́tìnì tuntun dé sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá ọ̀gá mi ta ohun èlò ìránṣọ, ó ń dán bí ìkarahun. Ọ̀gá mi gbà kí n mú díẹ̀. Mo rán an mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún Alárìíwísí. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó sì fi í kọ́. Ẹ̀wù tí wọ́n ń ti orí bọ̀ nìkan ló ń wọ̀ látìgbà tá a ti ṣègbéyàwó. Ẹ wo oríire mi! Èmi tí mò ń ta bọ́tìnì fẹ́ ẹni tí kì í wọ bọ́tìnì.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Wọ́n ṣeré nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án. Mo jókòó síwájú pátápátá nínú aṣọ yẹ́lò mi, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Ìgbà tó dé ibi tó máa ń dá ta gìtá, ibi tí àwọn èèyàn máa ń tìtorí ẹ̀ dìde, ó juwọ́ sí oníkíbọ́ọ̀dù pé kó gbà á. Ojú rẹ̀ wà lára mi. Mo ní ìfẹ́ ti gba orin lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀gá Béèsì wá bá mi nídìí ọkọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ́ kí ọkọ yín sùn." Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ fún un kó wá rí òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo dá ọgbọ́n. Ṣebí bébà ọwọ́ ni Agbẹ́gìtá ń fẹ́? A jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tán láàárọ̀, mo tẹ́ bébà sórí tábìlì, mo fa ọwọ́ òsì ọkọ mi. Ó fà á padà. Mo tún fà á. Ó tún fà á padà. Mo jókòó lé e lẹ́sẹ̀, mo ní ọkọ tó bá jẹ́ ọkọ á fún aya rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé bébà.

Mo yí àtàǹpàkò ká. Mo yí èyí tó tẹ̀ lé e ká, àti ti àárín. Mo dé ìka tí mo fi òrùka sí. Ó ká wọnú bí èékánná ẹyẹ. Ọmọ-ìka náà ká. Mo ní, "Tẹ́ ẹ dáadáa jàre."

Ó ní, "Mo ti tẹ́ ẹ."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Mo ní kó yéé bá mi ṣeré.

"Mo ti tẹ́ ẹ, olólùfẹ́."

Mo fi ọwọ́ mi tẹ́ wọn. Wọ́n tẹ́. Mo yọ ọwọ́. Wọ́n ká padà. Ó gbé ojú sí fèrèsé. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé láàárín àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka kejì, níbi tó yẹ kí ẹran wà, ó ti jìn kòtò.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Mi ò rí nǹkan kan kọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

A sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣègbéyàwó. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà téèyàn sùn lé apá. Kò lọ. Ó fẹ́ lọ rí dókítà — wọ́n ti pín káàdì ìpè ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà àlejò dé. Lẹ́yìn náà, èmi. Ó ní, "Ayọ̀ rẹ pọ̀ débi pé mi ò rí ibi tí mo máa gbé ọ̀rọ̀ náà kà." Mo ní ṣé ayọ̀ mi ló ń bà á lẹ́rù ni? Ó ní rárá, òun kàn ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa dá a dúró ni.

Mo wá bi í léèrè ohun tó ń dùn mí jù. Gìtá yẹn. Afárá, ìwo méjì, búlúù. Ohun tó bá ti wù ẹ́. Ìfẹ́ ni mo pè é.

Ó ní, "Ìfẹ́ náà ni. Mo mọ̀ pé mi ò ní lè ta á. Mo ní kó kúkú jẹ́ ohun tí yóò wù ẹ́ í wò."

Alárìíwísí. Ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn. Ọjọ́ tí ohun gbogbo tẹ́ ẹ lọ́rùn ló yẹ kí n ti fura.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Ilé ìwòsàn. Obìnrin ni dókítà, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún apá ọkọ mi níbí àti lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ kan sì ń dún wàrà-wàrà níbi tí ẹran bá ti dáhùn. Nígbà tó dé àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó ní iṣan tó gba ìgbọ̀nwọ́ kọjá lọ sí ọwọ́ ló ti fún, ó sì ti pẹ́. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ kó má bàa burú jù báyìí lọ. Ohun tó ti lọ ò ní padà.

Ọkọ mi bi í pé ṣé òun á lè ta gìtá. Dókítà ní ó ṣì lè gbé nǹkan, ó lè wa ọkọ̀ — Ọkọ mi ní, "Gìtá ni mo béèrè, mà." Èmi ni dókítà ń wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá Béèsì wá. Ó fi yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀: ó ní òun gbọ́ pé ìyàwó ò tíì mọ iyọ̀ ọ́ wọ̀n, òun wá jẹ́rìí sí i. Ọkọ mi fi ọwọ́ náà hàn án. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn sínú ẹgbẹ́. Ọ̀gá Béèsì ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre." Ó tún un sọ. Ó wá dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkọ mi ló ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Mo lọ sí kíṣìnnì, mo gbé omi kaná. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mu nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù: "Ìyàwó tuntun, ẹ kú oríire o!" Mo ní ẹ ṣé.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

A lọ sọ́dọ̀ Agbẹ́gìtá. Mo rò pé a fẹ́ lọ sọ fún un pé kó má gbẹ́ ẹ mọ́ ni. Ara gìtá náà ti parí. Búlúù. Ìlà dúdú ara afárá ń hàn láti abẹ́ àwọ̀, bí ọ̀nà tí èèyàn ń wò láti orí òkè. Mi ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ wò ó.

Ọkọ mi ṣàlàyé fún un. Ó fi ọwọ́ òsì lé bébà. Agbẹ́gìtá gbé ọwọ́ náà, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó jìn. Ó ní òun ò ní ọrùn tí òun lè gbẹ́ fún èyí. Ọkọ mi ní òun mọ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò, ó gbé ọ̀tún síbẹ̀. Ìka márààrún tẹ́ pẹrẹsẹ.

Agbẹ́gìtá mú pẹ́ńsùlù.

Èmi ni kò yé. Wọ́n ṣàlàyé fún mi: ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa tẹ okùn lórí ọrùn báyìí, òsì á kàn máa gbá okùn. Bí ẹni tó ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé látilẹ̀, tó wá fẹ́ fi òsì bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Mo ní yóò ti pẹ́ tó? Agbẹ́gìtá ń fá eruku kúrò lára tábìlì.

Gìtá búlúù ò wúlò fún un mọ́. Bí wọ́n bá yí i padà, ìwo tí wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ á dojú kọ òkè, bọ́tìnì ohùn á bọ́ sábẹ́ apá. Agbẹ́gìtá á tà á fún ẹlòmíràn, yóò sì lo igi mìíràn. Ó bi ọkọ mi ní èyí tó fẹ́.

Ọkọ mi kan afárá. Ó kan ọ̀gánwó. Ó tún kàn án. Ó ní afárá yìí ti gbẹ jù, ohùn rẹ̀ ń sá. Ọ̀gánwó. Kí wọ́n má fi àwọ̀ kankan sí i, òróró lásán. Ọrùn kó tín-ín-rín. Orí gìtá tó gbẹ́ kẹ́yìn wúwo, ó máa ń já wálẹ̀ ṣáá. Bọ́tìnì ohùn kan ti tó, ta ló ń lo méjì? Agbẹ́gìtá ń kùn, ó ń kọ ọ́.

Nínú gbogbo ohun tí mo yàn, kò mú ẹyọ kan. Mo dúró síbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ tó ń rí wísí, mo sunkún títí imú mi fi dí.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Ó ti to okùn gìtá àtijọ́ rẹ̀ sódì kó lè máa fi kọ́ra. Rọ́bà tí mo mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ló fi so ike ìgbá-okùn mọ́ ìka òsì. Láti àárọ̀. Ohùn kan. Ohùn kan náà. Ó ṣì í. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Màmá onílé, tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, gun òkè wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó tújú ká, ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ara. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. Ọmọ ta ni ẹ ń kọ́ ní gìtá? Ó ń gbìyànjú o. Àmọ́ ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kó gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, kó ta díẹ̀ fún wa. Ó ti pẹ́ tá a ti gbọ́ ọ."

Nínú yàrá, okùn náà dákẹ́.

Mo ní, "Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, mà. Ẹ bá wa ní sùúrù fún un."

Ó ní kò burú, kò sí wàhálà, ọmọ á kọ́ ọ. Ó di ògiri mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi ẹ̀yìn tì í. Mi ò lè wọ yàrá, mi ò lè kúrò níbẹ̀.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Ó wá ta á. Ó ṣì í. Ó tún bẹ̀rẹ̀.