Àgbo Inú Igo Mọ́ọ̀tì
Túsìdeè, Àkúrẹ́.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Dókítà bi mí láàárọ̀ pé, "Màmá, yàtọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, kí ni Bàbá tún ń mu?" Mo ní, "Kò sí o, dókítà." Bẹ́ẹ̀ àgbo tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Baba Fẹ́mi, gbé wá láti Oǹdó wà nínú báàgì mi. Inú igo mọ́ọ̀tì ni mo rọ ọ́ sí, kí nọ́ọ̀sì má baà fura.

Bí Baba Fẹ́mi ṣe dìde nídìí ẹ̀bà nílé nírọ̀lẹ́, òòyì kọ́ wọn, wọ́n di tábìlì mú. Mo pe Àǹtí, ẹ̀gbọ́n wọn tó gbé àgbo náà wá, lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣebí ewé lásán ni."

Tó bá jẹ́ lásán, kí la wá ń mu ún fún?

Lọ́la, màá gbé igo náà síwájú dókítà. Kó bú mi, ṣùgbọ́n kó wo ọkọ mi.