Ẹ̀rù Tó Ń Ba Nọ́ọ̀sì Wa

Ilé Ògúnbọ̀dé,
Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìrẹsì,
Ọ̀fàdà.
Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú.

Morádéyọ̀ ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí yàrá tí ò ń gbé, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé e, mo sì kí àwọn tísà yín tó ń kọ́ yín láti máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ìjà ló dé. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa níhìn-ín wà láàyè. Ìyá rẹ wà, ewúrẹ́ rẹ ti bímọ méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì ò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń bó ìrẹsì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àmọ́ mo ti bá a sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ìwọ náà lo ní mo máa ń jágbe mọ́ ọ. Inú ò bí mi o, Èkó ló jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn òun ti Ọ̀fàdà dé Ìkẹjà gbọ́dọ̀ la ẹnu dáadáa. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi rán Ládi onímọ́tò tó ń kó ìrẹsì lọ sí Múṣín, kó lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí Ọjọ́ Ajé tó pé.

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ló gbé mi jókòó. Lọ́jọ́ Àìkú, ohùn rẹ wọlé sórí fóònù ìyá rẹ, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. A tẹ̀ ẹ́, o bú sẹ́kún. O ní wọ́n ti pín yín sí ọ́sípítù, pé Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ máa wọ wọ́ọ̀dù, pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, pé o lè ṣèèṣì pa èèyàn lára, pé ó sàn kí o fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí o padà wá bá wa ta ìrẹsì. Ìyá rẹ ń dá ọ lóhùn, o ò dúró gbọ́. Ó ní pẹ̀lẹ́, ò ń sọ̀rọ̀ lọ. Èmi náà ní kí o fara balẹ̀, ńṣe lo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. A ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé, àmọ́ mo ní ẹ̀rù ló fà á. Lọ́jọ́ kejì, a tún tẹ̀ ẹ́ ká lè mọ̀ bóyá o ti dákẹ́, o ṣì ń sunkún, ibi kan náà lo sì ti ń fa imú. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a tún tẹ̀ ẹ́ tí o ò tíì dákẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ṣeréṣeré. Ọmọ tó bá fi odidi ọjọ́ mẹ́ta sunkún láìsinmi, ó yẹ kí bàbá rẹ̀ dìde.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní ta ló rán ọ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé èmi ni? Ṣebí ìwọ lo ti ń fi àkísà wé ẹsẹ̀ adìyẹ mi láti kékeré, títí kan èyí tí nǹkan kan ò ṣe lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi ìbínú sílẹ̀ kí n wá nǹkan ṣe. Ìyá Jésùtófúnmi ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ó gbé e lọ síbi àdúrà ní Kámpù. Àlàájà Sùwéébátù ní òun náà ò fi ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Torí náà, apá ti ọ̀run ti parí, ó wá ku apá ti ayé, ìyẹn tèmi.

Mo bá gba Mówè lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo lọ ra aago tí wọ́n kọ sínú ìwé tí ilé ìwé yín fi ránṣẹ́, èyí tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì máa ń fi kọ́ àyà. Mo ti sanwó tán kí n tó rí i pé bí mo bá fi kọ́ aṣọ, ńṣe ló ń dorí kodò, èjìlá wà nísàlẹ̀, mẹ́fà wà lókè. Mo padà bá obìnrin tó tà á fún mi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Mo ní ó wo ojú mi ó rí ará oko. Mo gbé e lọ bá Bàbá Ikram tó ń tún aago ṣe ní Ìbafò. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń ṣiṣẹ́ aago, òun ò rí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tú u, ó yí ojú rẹ̀ sókè. Inú mi dùn pé gbogbo ẹni tó bá wo àyà ọmọ mi á mọ iye aago tó lù.

Nígbà tó di àná, mo ní ó yẹ kí n fi ojú ara mi rí nǹkan tó ń dẹ́rù bà ọ́. Mo wọ dàńṣíkí mi tó dára, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo ní kò sí, pé ọmọ mi ni ẹ̀rù ń bà. Wọ́n béèrè ibi tí ọmọ náà wà, mo ní ó wà l'Ékòó. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní kí n jókòó.

Ẹni tó wá dá mi lóhùn kò ju ìwọ náà lọ. Fàsílátù lorúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni, ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n débi pé aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo àyà rẹ̀, mo rí i pé aago tiẹ̀ náà dorí kodò. Àánú ṣe mí, mo ní wọ́n ti lu òun náà ní jìbìtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ikram fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó gbé aago náà sókè sí ojú ara rẹ̀, ó ní kí n dúró sẹ́yìn òun kí n wò ó. Morádéyọ̀, ó dúró ṣánṣán! Ó ní ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n ṣe é fún, pé ọwọ́ òun á ti wà lára aláìsàn, ojú lòun á fi máa wo aago, pé àwọn tó ń wo òun kò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ojú tì mí. Nírọ̀lẹ́, mo sá padà lọ sí Ìbafò, Bàbá Ikram tún yí i padà, ó ní mo ti da orí òun rú.

Jẹ́ ká padà sórí apá mi. Fàsílátù wé aṣọ náà mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ títí ó fi há, ó gbọ́ ohun tó gbọ́ sétí, ó kọ 130 lórí 80. Inú mi dùn. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí àwọn kan pàgọ́ sí Mówè tí wọ́n ń yẹ ara wò lọ́fẹ̀ẹ́, obìnrin kan tí ẹ̀rù kì í bà rárá wé e mọ́ mi lórí aṣọ, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kó tó fẹ́ tán ló ti kọ 120 tó ní kí ẹni tó kàn wá. Mo rí i pé mo ti fi máàkì mẹ́wàá tẹ̀síwájú. Àmọ́ Fàsílátù ò dìde. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kò dá òun lójú pé òun gbọ́ ọ dáadáa, òun fẹ́ tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó di 190 lórí 110. Morádéyọ̀, ìdánwò tí wọ́n ń gbà lórí 110, bàbá rẹ gba 190! Mo sọ fún gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo tu ìyá àgbàlagbà kan tó gba 125 nínú, mo ní kó má sọ̀rètí nù.

Fàsílátù ò bá mi yọ̀. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n má jẹ obì, kí n má sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, 190 kan náà ni, ó bá sáré pe nọ́ọ̀sì àgbà. Nọ́ọ̀sì àgbà bi mí léèrè iṣẹ́ mi, mo ní ẹ̀rọ ìrẹsì ni. Ó ní kí ni mo máa ń ṣe tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, mo ní mo máa ń pa á kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ló gbóná báyẹn, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò sí máàkì kankan níbẹ̀. Ó béèrè bóyá orí máa ń fọ́ mi. Mo ní láti ìgbà òjò ni, ariwo ẹ̀rọ ni mo rò pé ó ń fà á. Ó ní ká ní ọmọ yìí gba ti àkọ́kọ́ gbọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé mi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan kí apá kan ara mi ti rọ, kó má sì mọ̀ pé ilé ni. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta, mo ti bá ejò pàdé nínú ìrẹsì, ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo bi Fàsílátù bó ṣe mọ̀ pé kò yẹ kó gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun wá síbẹ̀, òun ò fọkàn tán ara òun, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń tún nǹkan wò. Ó ní kí òun tó fọwọ́ kan aláìsàn, òun á mí kanlẹ̀, òun á ka ení dé ẹ̀rin, òun á sì sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe fún onítọ̀hún, pé bí òun bá ṣe ń sọ ọ́ ni ara òun náà ń balẹ̀.

Mo wá rántí àwọn obìnrin tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì wa. Èyí tó bá ní òun ti mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òkúta ti ń bọ́ sẹ́nu oníbàárà. Ìyá rẹ tó ń bẹ̀rù nítorí eyín ọmọ ẹlòmíràn, tó ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, tiẹ̀ ni wọ́n ń ti Èkó wá rà. Torí náà, má fi ẹ̀rù rẹ sílé lọ́jọ́ Ajé. Mú un dání wọ wọ́ọ̀dù, àmọ́ má jẹ́ kó ṣíwájú rẹ wọlé. Èyí tí o ò bá mọ̀, béèrè. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, tún un wò. Ẹni tó bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ní kó wá bá mi l'Ọ́fàdà.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè. Mo kọ tìrẹ. Ó béèrè iṣẹ́ rẹ, mo kọ Nọ́ọ̀sì gàdàgbà. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ṣé o ti jáde ni, mo ní rárá, àmọ́ òní náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àìsàn tèmi, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀.

Ti owó, o mọ̀ pé bàbá kì í kọ lẹ́tà kó má béèrè. Nínú owó oúnjẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, jọ̀ọ́, dá ẹgbẹ̀rún méjì padà fún mi, torí Bàbá Ikram gba owó yíyí lọ, ó tún gba owó yíyí bọ̀.

Oògùn tí wọ́n fún mi, ọ̀kan ni láràárọ̀. Mo béèrè títí di ìgbà wo, wọ́n ní títí lọ. O mọ̀ pé èmi àti oògùn oníhóró ò rẹ́ rí. Láti àárọ̀ tí mo ti ń kọ ìwé yìí ló ti wà lórí tábìlì, tí a jọ ń wo ara wa, ìyá rẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní mi ò ní jáde. Dúró ná.

Mo ti gbé e mì. Mo mí kanlẹ̀, mo ka ení dé ẹ̀rin, mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbé e mì, ó sì lọ. Ó wá ku ìwọ.

Ọlọ́run á fún ọ lójú tó ń rí, á fún ọ létí tó ń gbọ́, ẹni tí o bá fọwọ́ kàn á dìde fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún yín láyè, wá sílé wá wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Bí ọwọ́ rẹ bá fẹ́ gbọ̀n, jẹ́ kó máa gbọ̀n. Apá mi ò ní sá fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnbọ̀dé.