Wáyà Tó Ń Ka Ọwọ́ Verna Mọ́ Àlìkámà

Ẹ̀gbọ́n mi Halyna,

Ẹ kú iṣẹ́ ní Ottawa. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Nínú ọgọ́ta dọ́là tí ẹ fi ránṣẹ́, mo fi mẹ́rìndínlógójì ra oògùn orúnkún Màmá, mo fi ogún ra irin pẹlẹbẹ méjì tí mo rì sínú àlìkámà inú àká wa, ó ku mẹ́rin. Màmá ti ń rìn dáadáa.

Ẹ̀rọ tí ẹ ṣe ti dé. Ẹ ní iná táṣẹ́rẹ́ tí irin méjèèjì ń gbà pamọ́ ló ń wọ̀n, kí a fi mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú àlìkámà. Wáyà rédíò àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ fi so ó, kí n má baà lo tuntun. Bí Verna ìyàwó mi bá ti na ọwọ́ sún mọ́ wáyà náà, ẹ̀rọ a ní àlìkámà ti tutù.

"Ọkọ mi oníṣirò, ṣé èmi náà ti fẹ́ hù bí àlìkámà tútù ni?"

Ni mo bá lo wáyà tí ẹ fi kún ẹrù, èyí tí wọ́n hun irin tẹ́ẹ́rẹ́ bò lára. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ dúró jẹ́ẹ́, bí Verna tilẹ̀ na ọwọ́ sí i. Lọ́jọ́bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Verna kò sì sí nítòsí. A ṣí àká. Omi ti wọ àárín àlìkámà, ó sì ti ń gbóná. A kó o jáde, a sá a gbẹ, ìkórè ọdún yìí kò bàjẹ́.

Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́ láéláé. Ẹ bá wa wá wo Màmá nígbà Àjíǹde. Mo béèrè iye wáyà tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn nígboro: dọ́là mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹ kò béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ yín ní gbèsè rẹ̀, mi ò sì tíì san án.

Àbúrò yín,
Myron