Ẹni Tó Ń Tọwọ́ Bọ Ìlà Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Bélú

Ẹnìkan ń fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Ara ti ń fu mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n lónìí ó dá mi lójú.

Àwòrán pọ́ọ̀mpù omi tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni. Mo yà á bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ la ọsàn sí méjì, kí inú rẹ̀ lè hàn kedere. Gbogbo ibi tí ọ̀bẹ bá gbà kọjá, ìlà wẹ́wẹ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan la máa ń fi kún un. Háàṣì là ń pè é níbi iṣẹ́. Irin méjì tó bá fara kanra, ìlà wọn ò gbọdọ̀ fì síbì kan náà, kí ẹni tó máa ṣe irin yẹn má baà rò pé ẹyọ kan ṣoṣo ni. Iṣẹ́ ọmọdé lójú ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Èmi ti ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọ́fíìsì wa, nígbà tó jẹ́ rúlà àti pẹ́ńsù ni.

Mo ṣí i láàárọ̀ yìí. Ìlà tó wà lára òrùka inú pọ́ọ̀mpù ti yí ẹ̀yìn padà. Èmi kọ́ ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ta ló ṣe é?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Bélú

Kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan àwòrán kẹ́yìn. Mo wò ó. Bàtà-kò-dún ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Bélú

Bàtà-kò-dún! Ẹni tó jókòó ti tábìlì mi. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn — ìdí bàtà rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, èèyàn ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí òjìji rẹ̀ á fi bo bébà ẹni. Èmi náà ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó dé, kò mọ̀ pé a kì í fi háàṣì sára bóòtù tí wọ́n fi ń de irin.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó ń wá. Ọ̀gá máa fẹ̀yìn tì kí ọdún tó parí, àga ẹni tó ń yẹ àwòrán gbogbo wò kí wọ́n tó jáde máa ṣófo. Èmi tàbí òun ni. Kò sí ẹnìkẹta. Tí àṣìṣe bá wá ń yọ lára iṣẹ́ mi, ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Ó gbé tíì wá fún mi lónìí, èmi ò rán an. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń sùn dáadáa ṣá?" Kí ló kàn án nípa oorun mi? Ó tún ní kí òun bá mi wo àwòrán kan, bóyá yóò dín wàhálà mi kù. Mo ní kó lọ wo tiẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sí àyè rẹ̀.

Tíì yẹn tutù síbẹ̀. Mi ò mu ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Bélú

Gbogbo ayé ti di ọ̀lẹ. Télọ̀ gbé aṣọ mi wá, ojú rírán tó wà láyà rẹ̀ ń wọ́ bí ejò. Mo ní mi ò gbà á. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ ojú rírán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Màámi, ó gún o." Mo ní ìlà gbọọrọ ni mo fi ń jẹun, kó má kọ́ mi. Ó ká aṣọ náà, ó lọ.

Alágbàwí jókòó síbẹ̀, ó ń wò. Alágbàwí ni mo ń pe ọkọ mi. Kò sí ẹni tí kì í gbèjà — télọ̀, awakọ̀, ẹni tó bá rẹ́ ẹ jẹ pàápàá. Ṣùgbọ́n lónìí kò sọ̀rọ̀. Ó wo aṣọ, ó wò mí. Mi ò fẹ́ràn ìwò yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Bélú

Férémù ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ti tẹ̀ láàárín. Káfíńtà ti rẹ́ wa jẹ. Alágbàwí ní bó ṣe wà láti ọjọ́ tá a ti kó wọlé náà ló wà.

Mo da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù. Gílóòbù bàìbàì tó rà ló fà á, mo sì sọ fún un. Ó nu tábìlì, ó rọra ní ṣé kí a lọ rí dókítà ojú. Ojú tó ní gíláàsì tuntun lọ́dún tó kọjá? Mo bi í bóyá òun àti Bàtà-kò-dún jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 10 Bélú

Mo ti fi páásíwọ́ọ̀dù ti gbogbo àwòrán mi pa. Ó tán!

Mo ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, mo ń ṣe bí ẹni ń ka nǹkan. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀. Ó yíjú sí mi pé àwòrán fáàfù bọ́ílà ò ṣí. Mo ní ó ń ṣí fún ẹni tó ni ín. Ó dìde, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó gbé e mì. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Bélú

Àwòrán fáàfù ti lọ. Bọ́ílà ilé ìwòsàn kan, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n ti ń se omi títí á fi di ooru, ni wọ́n máa gbé e lé. Tí ooru bá pọ̀ jù nínú bọ́ílà, ọmọrí tó wà nínú fáàfù yìí á gbéra, ooru á jáde, kí bọ́ílà má baà bú gbàmù. Ọ̀gá ò tilẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ó ní tèmi ni, kí ló kù tí òun fẹ́ wò. Ó bọwọ́ lù ú, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yọ́ irin dà.

Láti ọjọ́ yìí wá, òun ni iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tọwọ́ bọ̀. Mo fẹsẹ̀ kọ nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ — àwọn àtẹ̀gùn yẹn náà, wọn ò ṣe é dọ́gba.

Ọjọ́bọ̀, 13 Bélú

Mo ti sọ ọ́ fún Ọ̀gá.

Bébà méjì ni mo mú lọ. Ọ̀kan, pọ́ọ̀mpù bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Èkejì, bí mo ṣe bá a. Ọ̀gá pè é wọlé, ó bi í bóyá ó fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún irọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ní kí ló dé? Ó wò mí, ó wá wolẹ̀.

"Mi ò ní àwíjàre, sà."

Nígbà tó ti jẹ́wọ́, Ọ̀gá ò ṣí bébà méjèèjì wò mọ́. Ó kó wọn sínú àpòòwé de àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kí Bàtà-kò-dún máa lọ sílé ná, bó bá sì jẹ́ bí òun ṣe rò ó ni, kó má padà wá. Ó kó kọ́ọ̀pù rẹ̀ àti ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó kí mi pé ó dàbọ̀.

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ìwé: inú mi dùn, mo jẹun yó.

Àmọ́ kí ló dé tí kò jà? Ẹni tó bá jẹ́wọ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Ara ṣì ń fu mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Bélú

Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kí Alágbàwí lè jẹ́ kí n sinmi. Obìnrin ni, ó kéré sí mi, ó ń pè mí ní Mà. Ó ní kí n fọwọ́ bo ojú òsì, kí n tẹjú mọ́ àmì dúdú kékeré kan tó wà láàárín bébà kan.

Mo wo bébà. Ẹ̀rín pa mí. Ìlà ni — ìlà gbọọrọ, ìlà ìbú, wẹ́wẹ́, wọ́n kún ojú bébà látòkè délẹ̀. Háàṣì! Iṣẹ́ mi ni wọ́n gbé wá bá mi.

Mo ní, "Dókítà, ẹni tó ya eléyìí fún yín ò mọ iṣẹ́. Àwọn ìlà àárín wọ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ já."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bo ojú ọ̀tún wàyí.

Ìlà gún. Gbogbo wọn, ṣánṣán. Mo ní bébà mìíràn lẹ gbé wá. Ó ní, "Rárá, Mà. Ọwọ́ yín náà ló wà."

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo dì í mú.

Ó ní ìdí ojú ọ̀tún ló ń bàjẹ́, ibi tá a fi ń wo nǹkan ní tààrà, òun ló sì ń darí èkejì. Gíláàsì ò lè tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ lè dá a dúró tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, mi ò gbọ́ ìyókù. Télọ̀. Férémù. Kọ́ọ̀pù. Àtẹ̀gùn. Òrùka pọ́ọ̀mpù.

Àánú mi ṣe mí. Ojú tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan náà, ìrọ̀lẹ́

Inú kọ̀rídọ̀ ilé ìwòsàn ni mo ti pe Bàtà-kò-dún lórí fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, tó jẹ́ pé lẹ́yìn mi ló ń tún un ṣe.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, Àǹtí. Tí mo bá la ẹnu, àga yẹn bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn."

Òun ló tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Fáàfù bọ́ílà yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi ránṣẹ́?"

Mo ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì, òun ń bọ̀.

Mo ti débẹ̀. Mo ti pe àwọn tó ń da irin, kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa dà á. Alágbàwí ti gbé ọkọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Mo ṣí àwòrán náà. Mo wò ó dáadáa, mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀.

Mo wá fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, bí dókítà ṣe kọ́ mi. Ọmọrí àti ibi tó jókòó lé — ìlà wọn fì síbì kan náà. Ààlà ò sí láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó, ẹyọ kan ni yóò dà. Kò ní gbéra láéláé.

Mo wo ìsàlẹ̀, ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ sí. Tèmi nìkan ló wà níbẹ̀.