Mo Ti Bá Ọ Tọ́ Abẹ Ìpéǹpéjú Wò

Gamnamgol,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá.

Haerim ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé yàrá rẹ ń móoru, ṣé o sì ń jẹun àárọ̀? Bí o bá dáhùn pé o ń jẹun, kì í ṣe búrẹ́dì ni mò ń béèrè o, ìrẹsì ni. Kí ọ̀run bá mi máa ṣọ́ ọ ní Seoul tí èrò pọ̀ bí eèrà yẹn, kí yìnyín má yọ̀ ọ́ ṣubú, kí ọ̀gá tí yóò gbà ọ́ síṣẹ́ ti jí láàárọ̀ yìí kó máa wá ọ kiri. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní n má gbàgbé láti kọ ọ́ síbí pé òun ń kí ọ, nítorí mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. A ti ṣe kimchi ọdún yìí tán, ọgọ́ta orí kábéèjì la fi iyọ̀ àti ata pò, tìrẹ wà nínú ìkòkò lọ́tọ̀.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù kọ̀ mí ni. Èyí tí o rà fún mi, tó jẹ́ pé ojú mi ló ń wò kó tó ṣílẹ̀kùn, mo gbé e sókè, ó wò mí, ó gbọ̀n, ó ní òun ò mọ̀ mí. Mo kí i. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ mi hàn án, mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó èmi àti bàbá rẹ síwájú rẹ̀, kò gbà. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà mẹ́fà, ìwọ lo sì mọ nọ́ńbà náà. Bàbá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi, pé òun náà ò tètè dá mi mọ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ìdí tí wọn ò fi dá mi mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí náà jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Mo ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú.

Má pariwo. Nígbà tí o pè mí lóṣù tó kọjá pé o ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà, pé ogúnjọ́ oṣù yìí ni wọn yóò fa ìlà sí ìpéǹpéjú rẹ kí ojú rẹ lè tóbi nínú fọ́tò tí ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìwáṣẹ́, nítorí ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá ti dá ìwé tìrẹ padà, o ní ẹ̀rù ń bà ọ́, pé o ò mọ bí abẹ náà yóò ti rí lára. Èmi wá ní ṣe bó o ṣe fẹ́, mo sì pa fóònù. Ìyẹn ò dára. Kò sì dára náà lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí o ṣe ìdánwò yunifásítì tán, tí ìyá gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fi ìpéǹpéjú tuntun ta wọ́n lọ́rẹ, tí mo bú mọ́ ọ pé kò sí àléébù lára ojú tí mo bí mọ́ ọ. Ọdún ìkórè méjì ti kọjá báyìí tí o ò wálé. Mo wá ń rò ó nídìí kábéèjì pé nígbà tí o wà ní kékeré, kò sí ẹ̀kọ tí o mu tí n kò kọ́kọ́ tọ́ wò, bóyá ó gbóná jù. Kí ló dé tí màá wá jẹ́ kí abẹ bọ́ sí ọ lójú láìtọ́ ọ wò?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Suncheon. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, bóyá ìwọ gan-an jù ú lọ. Ó ní awọ ìpéǹpéjú mi ti sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ fèrèsé, òun yóò gé díẹ̀ kúrò, òun yóò sì rán an. Wọ́n kó ìwé fún mi. Ìwé náà béèrè orúkọ aláàbò mi. Mo ronú sí i dáadáa. Bàbá rẹ ni olè wọlé tọ̀ lọ́dún tó kọjá tó sùn títí olè fi lọ, nítorí náà mo kọ orúkọ ajá wa sí i. Nọ́ọ̀sì bi mí pé nọ́ńbà fóònù aláàbò yìí ńkọ́, mo ní kì í lo fóònù, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́ ohùn mi, á wá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà tún ní n kò gbọdọ̀ ki gíláàsì bọ inú ojú fún oṣù kan. Mo fi dá wọn lójú pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò dán irú rẹ̀ wò.

Ohun tí wàá máa retí nìyí. Wọn yóò kọ́kọ́ fi wáyà tín-ín-rín kan ti ìpéǹpéjú rẹ sókè, wọn yóò gbé dígí fún ọ pé ṣé ibí ni ká fà á sí àbí ibí. Má jẹ́ kí wọ́n fà á sókè jù, torí ojú rẹ á dà bí ti ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu fún ní gbogbo ìgbà. Wọn yóò fi bírò ya ìlà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún kí ibẹ̀ lè kú tipiri ló dùn mí jù, ó dà bí ìgbà tí oyin ta èèyàn, ó sì yára kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn o ò ní mọ nǹkan kan, àmọ́ wàá máa gbọ́ òórùn bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ń fi iná wì, má bẹ̀rù, ìwọ ni. Wọn yóò ní kí o la ojú, kí o pa ojú, kí wọ́n lè rí i pé méjèèjì bára wọn mu. Mo rò pé dókítà ń bá mi ṣeré ni, mo sì fi ojú kan ṣẹ́jú fún un. Ó ní kí n dákun, pé abẹ wà lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ló burú. Ojú mi wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń pọ́n, ó ń dúdú, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ, mo rò pé wọ́n ti bà mí jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bá ara rẹ̀ dọ́gba bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní ó tó oṣù mélòó kan kó tó jókòó tán. Máa fi yìnyín tí a fi aṣọ wé tẹ̀ ẹ́. Máa mu omi ẹlẹ́gẹ́dé, èyí tí mo sè wà níbí, ó pọ̀. Wọ́n ní kí n gbé orí sókè bí mo bá ń sùn, nítorí náà mo sùn lórí àpò ìrẹsì mẹ́ta bí ọba. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ oníyọ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kimchi tán. Bàbá rẹ nìkan ló dá jókòó tì í, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó béèrè bóyá wọn ò lè fi kún ọjọ́ tí n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Àmọ́ èrè tó wà níbẹ̀ kò kéré. O mọ̀ pé ọdún kẹrin rèé tí èmi ń fọ ìkòkò nílé ìpàdé àwọn àgbà, torí ẹni tó bá kùnà nídìí káàdì olódòdó tí a máa ń ta níbẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo sì máa ń kùnà. Mo lọ ta á ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tú òwú ojú mi. Ṣé o rí i, nígbà tí awọ fi bo ojú mi, káàdì ọwọ́ mi nìkan ni mò ń rí. Lọ́jọ́ yẹn mo gbójú sókè, mo sì rí Ìyá Gapsu, tó jókòó kọjú sí mi, tó ń fa káàdì jáde lábẹ́ orúnkún rẹ̀ bí ẹni fa ewébẹ̀ nínú oko ara rẹ̀. Mo ní Ìyá Gapsu, kí lẹ gbìn síbẹ̀ yẹn? Kò jiyàn. Ó wò mí títí, ó ní òun ti mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ yìí kò ní mú ire bá ẹnikẹ́ni ní abúlé yìí. Òun ló ń fọ ìkòkò báyìí. Ó ń bẹ gbogbo àwọn tó kù pé kí wọ́n má lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Haerim, ohun kan wà tí ìwé náà kò sọ fún mi. Ní ọjọ́ keje tí wọ́n tú òwú, nọ́ọ̀sì gbé dígí fún mi, ó ní kí n wo ara mi. Ojú náà dára, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ni ojú mi tẹ́lẹ̀, n kò sì mọ̀ pé àràárọ̀ ni mò ń rí i nínú dígí, ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn tí a sin ín. Mo wá a nínú dígí yẹn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé ti ní n kò gbọdọ̀ sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo ń rò ó lọ́nà pé níbo ni ojú yẹn tún wà láyé. Ojú màlúù ni bàbá rẹ ní. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ó ku ojú tìrẹ.

N kò ní kí o má ṣe é o. Kì í dunni púpọ̀, dókítà kì í ṣe ìkà, ojú rẹ sì ni. Bí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́, màá jó yí abúlé po. Kí ẹ̀rù má bà ọ́ mọ́, mo ti dé ibẹ̀, mo sì ti bọ̀.

Mo fẹ́ kí o fún mi ní owó won ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Gíláàsì dúdú tí mò ń wọ̀, ti baálẹ̀ ni, ó sì ti ń béèrè rẹ̀, mo fẹ́ ra tèmi. Má fi owó náà sí bánkì. Mú un wá fúnra rẹ, kó tó di ogúnjọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ṣì wà, kí o sì sun ọjọ́ kan péré. Kí ọ̀run ṣí ọ̀nà fún ọ, kí ilé-iṣẹ́ kejìlá jẹ́ tìrẹ, títí a ó fi fojú rinjú. Mo fẹ́ wo ojú rẹ dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí, gbogbo ìgbà tí mò ń wò ọ́, awọ ló bò mí lójú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.