Ìyá Tí Ọrùn Rẹ̀ Rọ̀ ní Òde-Omi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti etí ọ̀sà níbí. Kí ẹni tó bá mọ̀wé ka lẹ́tà yìí sókè, kí gbogbo agbo ilé gbọ́.

Ara mi le. Ekùrọ́ la ń kó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀, òjò kò sì jẹ́ kí aṣọ gbẹ lára wa. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àárò ilé ló ń dà mí láàmú, pàápàá bí mo bá gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìjẹ̀bú-Igbó.

Bàbá, mo gbọ́ pé ọrùn yín kò gbé orí mọ́, pé àgbọ̀n yín ti kan àyà, ẹ kò sì fẹ́ jáde mọ́. Ó dùn mí wọra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá tí mo wọ̀ sí ilé rẹ̀ fún yín.

Ìyá Dẹ̀hìndé la ń pè é, ẹja ló ń yan. Ọrùn tirẹ̀ náà ti rọ̀. Bí ó bá dìde, ilẹ̀ nìkan ló ń rí. Láìpẹ́ yìí, wọ́n fẹ́ lé opó kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ọkọ rẹ̀ tó kú. Ìyá ní òun ń lọ bá àwọn àgbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ṣé ẹnu òun náà ló rọ̀ ni?

Mo dì í lọ́wọ́ mú, a lọ. Àbúrò olóògbé, tó fẹ́ gba ilé náà, bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò lè gbé orí fẹ́ wá gbé ẹjọ́. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì ti àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wò ó lójú. Ó ní níṣojú òun ni olóògbé fi ilé náà fún ìyàwó rẹ̀. Bí irọ́ bá ni, kó wí. Ọkùnrin náà dorí kodò. Àwọn àgbà ní kí opó má kúrò.

Bí a ti ń bọ̀, Ìyá ń ra apá rẹ̀ tó ti rẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí ọrùn náà kọ́kọ́ rọ̀, òun sá pamọ́ sínú yàrá títí òjò ọdún náà fi dá, ẹnikẹ́ni kò sì mọ bí òun ti sunkún tó. Bàbá, n kò tíì rí akọni tó jù ú lọ.

Ẹ jáde, Bàbá mi. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti àgbọ̀n yín sókè, kí àwọn ọmọ ọmọ yín rí ojú yín. Mo ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọwọ́ yín bá rẹ̀, tèmi yóò gbé e.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀yin àti Ìyá mi sí fún wa. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo Òkè-Ṣopẹ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Bánkọ́lé